Síkì Onítáyà ní Clinton

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín: Rótìmí kò fẹ́ràn yìnyín rárá. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbé ní Largo lókè òkun, bí yìnyín bá ti bọ́, abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti bá a. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń lọ síkì, eré fífi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ni òun náà bá ra síkì onítáyà, èyí tí wọ́n fi ń dánra wò lórí koríko kí òtútù tó dé.

Orí síkì náà ló wà ní páàkì kan ní Clinton, ní oṣù kẹjọ ọdún 1996, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Èyíwùnmí lulẹ̀.

"Ṣé o fọ́jú ni?"

"Training ni mò ń ṣe, sister."

"Training wo? Àgbà ọkùnrin tó so táyà mọ́ ẹsẹ̀!"

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí èèyàn bá lè pe èébú ní ìfẹ́. Gbogbo Sátidé ni Wúnmi ń wa mọ́tò láti District Heights wá bú u. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, bí wọn kò bá tíì bú ara wọn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. "Òpònú mi àtàtà" ni Wúnmi ń pè é.

Ó wá ku bàbá Wúnmi, tó ti lé ọkùnrin méjì padà nítorí ìdọ̀bálẹ̀ tí kò délẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá wo Rótìmí ní páàkì.

"Bọ́ nǹkan yìí kí wọ́n tó dé," ni Wúnmi wí. "Bí Daddy bá kọ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn o. Mi ò ní bá wọn jà."

"Jẹ́ kí wọ́n rí mi lórí ẹ̀ ná. Iwájú wọn gan-an ni màá dúró sí, màá wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja."

Bàbá dé. Rótìmí sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó kọjá lára àgbàlagbà náà fìrì lórí ìdúró, ó na ọ̀pá síkì ọwọ́ rẹ̀ sókè: "Ẹ káàárọ̀ sà!" Inú igbó ló balẹ̀ sí.

"Èmi ló ń na ọ̀pá sí?" Bàbá béèrè.

Wúnmi sáré bá a. "Sọ fún wọn pé o ò lè dúró. Jọ̀ọ́, Rótìmí, sọ ọ́!"

Rótìmí gbọn ewé kúrò lórí. Ojú tì í, ojú náà sì le. "Mo lè dúró dáadáa, sà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí eré mi ni."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Wúnmi, wọ mọ́tò."

Ó wọ mọ́tò, ó ń sunkún, kò wẹ̀yìn.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bàbá fi tún bọ́ọ̀sì ṣe. Nígbà tí Rótìmí ń rá jáde nínú igbó, Bàbá ti wo ẹ̀yìn síkì náà: kò ní bíréèkì tí yóò fi dúró.