Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Láàárín Orin

Orin náà ń lọ lọ́wọ́. Ohùn òkè ti gba iwájú, ohùn àárín méjèèjì tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ru ẹrù wúwo gun òkè. Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà di aró, àwọn ọ̀rọ̀ funfun kan tí kò yé ẹnikẹ́ni tò sórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣókùnkùn.

"Ó tún ti kú," ni ìyá wí. Kò pariwo. Ó kàn rọra sọ ọwọ́ tó fi ń darí orin kalẹ̀.

Olùkọ́ orin ni ìyá yìí. Kò ní dùùrù nílé. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà lórí tábìlì ní pálọ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀. Yóò tẹ ohùn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún un kí ó tó gbé orin náà lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ ni wọn yóò fi dágbére fún àwọn tó ń jáde níléèwé ní Sátidé. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ohùn bá ti pàdé, ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà máa ń kú sí. Ìyá fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́ òpin orin tó kọ.

"Àbígbẹ̀yìn, bá mi wo wáyà rẹ̀ nísàlẹ̀."

Àbígbẹ̀yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, wọ abẹ́ tábìlì. Kò sí ohun tó ṣe wáyà. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì yára fa ọwọ́ padà: ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Nígbà tí ìyá tún tan án, Àbígbẹ̀yìn yọjú wo inú ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ atẹ́gùn sí i dúró gbagidi. Wọ́n ti kọ́ wọn ní kíláàsì pé kọ̀ǹpútà tí fáànù rẹ̀ kò bá yí, ooru ni yóò dá a dùbúlẹ̀.

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tí àbúrò ìyá rẹ̀ sọ nígbà tó wá kí wọn ló wá sí i lọ́kàn: "Ọjọ́ tí ògbólógbòó yìí bá dákẹ́ pátápátá, tuntun ni mo máa gbé wá fún ọmọ yìí."

"Wáyà ò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì," ló sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò.

"Ṣé wọ́n bi ẹ́ pé fáànù ń yí àbí kò yí?" ni Lọ́yà béèrè.

"Wọn ò bi mí."

"Ṣé ìwọ lo dá a dúró?"

"Èmi kọ́ o!"

"Ẹjọ́ parí. Jẹ́ kí arúgbó yẹn lọ sinmi, kí tuntun lè ráyè wọlé."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà kọ̀ láti tàn rárá. Ìyá pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó sì tẹ sípíkà rẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Àbígbẹ̀yìn, ìwọ lojú ẹ ríran dáadáa," ni àǹkù wí. "Nígbà tó ṣì ń tàn, ṣé fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ń yí?"

Wọ́n ti wá bi í báyìí. Lọ́yà kò kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ bó bá dé ibẹ̀.

"Ó ń yí, sà."

"Á jẹ́ pé ó ti gbó nìyẹn. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Màá gbé tuntun wá lóṣù tó ń bọ̀."

"O ṣeun, àbúrò mi," ni ìyá dáhùn. Ó pa fóònù. "Orin Sátidé ti lọ nìyẹn."

Nígbà tí Àbígbẹ̀yìn dé láti iléèwé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá ìyá rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà tó ti kú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń darí orin. Ìka kan pe ohùn òkè, wọ́n wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ òsì tẹ ohùn ìsàlẹ̀ rì, wọ́n rọlẹ̀. Kò sí ohun tó ń dún ní pálọ̀ náà, síbẹ̀ Àbígbẹ̀yìn ń rí orin. Ó rí i ní èjìká ìyá rẹ̀, ó rí i ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti rò pé kọ̀ǹpútà ló ń kọrin nínú ilé àwọn. Kò mọ̀ pé odindi ẹgbẹ́ akọrin ló ń gbé inú obìnrin tó ń jí i láràárọ̀ pé kó lọ wẹ̀.

Lẹ́yìn náà ọwọ́ náà dúró lójijì.

"Tí mo bá ti dé ibí yìí, mi ò gbọ́ wọn mọ́," ni ìyá wí láìbojú wẹ̀yìn. "Ohùn mẹ́rin ò gba orí kan ṣoṣo."

Àbígbẹ̀yìn gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Mọ́mì, fáànù yẹn kì í yí. Ó pẹ́ tí mo ti rí i. Irọ́ ni mo pa fún Àǹkù."

Ìyá yíjú sí i. "Nítorí tuntun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá na fóònù sí i. "Pè é. Ẹnu tó parọ́ náà ni kó tún un ṣe."

Ó pè é. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Àǹkù gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná. Ẹ wá súkúdíráfà tí ẹ máa fi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ṣí, ìyá àti ọmọ pa ẹnu pọ̀ pé, "Ha!" Eruku ti di òwú nínú rẹ̀, ó dì mọ́ fáànù pinpin. Ṣùgbọ́n lábẹ́ eruku náà, bí Àbígbẹ̀yìn ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a díẹ̀díẹ̀, ohun kan tó dà bí ìlú kékeré ń yọ jáde: ilẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, òpópónà tóóró aláwọ̀ wúrà tó ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá láìkọlu ara wọn, àwọn ilé kéékèèké tí a kọ lẹ́tà sí lórí.

"Ta ló jókòó to gbogbo èyí?" ni ìyá béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó wọ ibi mímọ́.

"Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀," ni àǹkù dáhùn láti inú fóònù. "Ó yá, ẹ tan án."

Fáànù yí fìrìfìrì. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ò tàn. Ó kàn ń ké pí, pí, pí.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń sọ ibi tó ti ń dùn ún fún wa," ni àǹkù wí. "Mẹ́mọ́rì ni. Pẹlẹbẹ tóóró méjì wà níbẹ̀ tó fi ń rántí nǹkan. Ẹ pa á ná. Ẹ yọ méjèèjì, kí ẹ máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n fi àkọ́kọ́ sí i: pí, pí, pí. Wọ́n fi èkejì sí i: kò ké mọ́, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀.

"Ooru ló jọ pé ó pa èyí àkọ́kọ́," ni àǹkù wí. "Ká ní mo tètè mọ̀ ni, bóyá ì bá má kú."

Àbígbẹ̀yìn kò lè gbójú sókè.

Kọ̀ǹpútà ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ báyìí pẹ̀lú mẹ́mọ́rì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n orin náà bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí gbogbo ohùn ti ń pàdé. Àbígbẹ̀yìn di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Orin náà kọjá. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbéra pọ̀, wọ́n kún pálọ̀ náà dé òrùlé, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹyẹ. Omi lé ròrò sójú ọmọ náà.

Ìyá la ojú rẹ̀. "Òpin yẹn ò dáa."

"Háà! Mọ́mì!"

"Kò dáa. Ó ń kánjú jù." Ó fa àga rẹ̀ mọ́ tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Wọ́n kọ orin náà ní Sátidé, àwọn òbí sì dìde dúró fún wọn. Àǹkù wá, ọwọ́ òfo ló sì gbé wá. "Kọ̀ǹpútà yín ti jí," ló sọ fún Àbígbẹ̀yìn. "Tuntun á dé lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni kó kọ́kọ́ ṣeé gbára lé." Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òdodo ọ̀rọ̀ ni.

Orí ògbólógbòó náà ló ti ka ìwé ìdánwò rẹ̀. Bó bá ti ń fà, á dúró dè é. Ó ti wá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó gbó ló ti bàjẹ́, àti pé irọ́ tí a bá fi bo àìsàn nǹkan mọ́lẹ̀ ló ń sọ àìsàn náà di ikú. Ẹ jẹ́ ká máa tètè sọ òtítọ́, kí àtúnṣe tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.