Òkú Ọba Gẹ̀ẹ́sì Da Ilé Ìbítóyè Rú

"Ìyáálé mi, ẹ má bínú sí mi o, orí yín ni kẹ́ ẹ bínú sí! Ta ló ń gbé Bíbélì sínú fìríìsà? Ṣé ẹja ló fẹ́ gbọ́ ìwàásù ni?"

Làbákẹ́ gbé Bíbélì náà sókè kí gbogbo ilé lè rí i. Ó ti gan, yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, òórùn ẹja sì ti gbà á. Ojúọlá, ìyáálé rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Làbákẹ́, mi ò gbé e síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi í sí lẹ́yìn àdúrà."

"Ẹ ti gbàgbé ni! Lánàá ńkọ́? Inú àpò ìrẹsì la ti bá sálúbàtà yín. Àbí ẹ fẹ́ tiná bọlé ká tó gbà pé nǹkan ti ń ṣe yín ni?"

Baba Ìbítóyè, ọkọ àwọn méjèèjì, jókòó, ó gbé ọwọ́ lérán. Iṣẹ́ rélùwéè ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì ní Òṣogbo. Bí ọkọ̀ ojú irin bá fẹ́ yẹ̀ lójú irin, etí rẹ̀ á ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ ti yẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan!

Ẹ̀yin èèyàn mi, Làbákẹ́ fúnra rẹ̀ ló ki Bíbélì yẹn sábẹ́ ẹja. Òun náà ló ki sálúbàtà sínú ìrẹsì. Ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owú ni! Àwọn mìíràn a máa jowú aṣọ, wọn a máa jowú ọmọ. Òkú ni Làbákẹ́ ń jowú ní tirẹ̀, òkú ọ̀hún kò sì bá a tan níbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wàjà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, kò sẹ́ni tí kò ní ohun tí ó ń sọ ní Alékúwodò, àdúgbò wọn ní Òṣogbo. Rùkáyà onídìrí, tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé Ìbítóyè, kì í pa tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ẹnìkan á ní, "Ọba lọba ń jẹ́. Àádọ́rin ọdún lórí oyè! Ẹ wo bí èrò ṣe ń tò nítorí pósí rẹ̀." Ẹlòmíì á fò dìde: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tò! Kòkó wa tí wọ́n kó lọ ńkọ́? Àwọn tó kú sógun Bìáfúrà, ta ló tò fún wọn?" Ẹ̀kẹta á ní ká fi òkú sílẹ̀ kó sinmi. Ariwo á sọ, irun tí wọ́n ń dì á dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ojúọlá wá dirun níbẹ̀. Wọ́n ń fi àwòrán àtijọ́ hàn, ìgbà tí Ọbabìnrin náà wá sí Nàìjíríà. Ìyá àgbà náà na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Mo rí obìnrin yìí."

"Ẹ rí ta ni, Mama?"

"Kuíìnì. Ọdún 1956 ni. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Lọ́rì ni wọ́n fi kó wa láti Iléṣà lọ sí Ìbàdàn, wọ́n há àsíá bébà fún wa. A dúró nínú oòrùn láti àárọ̀. Tíṣà ní ẹni tó bá kúrò lórí ìlà, ẹgba ni. Ìtọ̀ wá ń gbọ̀n mí, mi ò gbọdọ̀ sọ. Bí ọkọ̀ Kuíìnì ṣe dé iwájú mi, tó juwọ́ sí wa báyìí, bẹ́ẹ̀ ni mo tọ̀ sára!"

Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìtìjú yẹn ni mi ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá wọn pàápàá ò gbọ́ ọ. Ó wá kú báyìí, mo rí i pé ó dùn mí."

Háà, àdúgbò gbọ́! Ẹni tó bá ń kọjá á yà wọlé. "Mama, ẹ kú ọ̀fọ̀ Kuíìnì o! Ẹ kú ara fẹ́ra kù!" Àwàdà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tó yá kò jọ àwàdà mọ́. Wọ́n ń gbé ọsàn wá, wọ́n ń gbé búrẹ́dì wá. Ìyìnolúwa, ọmọ Ojúọlá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́ ìtàn náà lórí fóònù, ó sì lọ tò pẹ̀lú àwọn tó ń wo pósí. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ní, "Màmá, mo dé ibẹ̀. Mo tẹríba fún un lórúkọ yín." Fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíì, àwọn obìnrin ń nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ Ojúọlá ní Ìyá Kuíìnì.

Làbákẹ́ dúró lẹ́yìn wíńdò, ó ń wo ọsàn tí wọ́n ń gbé wọlé. Òun! Òun tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, tó bá òmìnira Nàìjíríà wáyé lọ́jọ́ kan náà! Lọ́dọọdún ló ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun lọ́jọ́ náà, tí á máa yan kiri: "Ọmọ Indipẹ́ńdẹ̀ǹsì ni mí, ọmọ kékeré ni mí lára yín!" Òun nìkan ló ti ń ní ìtàn nílé yẹn. Báyìí, arúgbó tó tọ̀ sára ni wọ́n ń kúnlẹ̀ kí! Bí wọ́n bá ń sọ pé "ẹ kú ọ̀fọ̀," àyà rẹ̀ á máa ta á. Kò jẹun dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá fún un nínú ọsàn náà, á ní ó kan.

Ó wá tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Bàbá Kàósárà, ẹ̀rù ìyáálé mi ń bà mí o. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ wọn, ṣé wọ́n sọ ọ́ létí yín rí pé àwọn rí Kuíìnì?"

Baba Ìbítóyè ronú. "Rárá. Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Hẹn-ẹn! Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Wọ́n á máa rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́láì, mo fi Kùránì búra, irọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yẹn! Ẹ kàn máa ṣọ́ wọn."

Ẹ̀yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í bá sálúbàtà nínú ìrẹsì, tí a sì bá Bíbélì nínú fìríìsà. Obìnrin burúkú!

Lọ́jọ́ Bíbélì yìí, tíí ṣe ọjọ́ Àìkú, Baba Ìbítóyè gbé orí sókè, kò sì lè wo ojú ìyàwó àgbà. "Ìyá Ìyìn, mo ti bá àbúrò yín sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè. Ní Sátidé, á wá gbé yín. Ẹ lọ sinmi lọ́dọ̀ wọn."

"Ẹ ní kí ni?" Èdè Ìjẹ̀ṣà jáde lẹ́nu ìyá náà kó tó mọ̀. "Ulé mi? Ulé tí mo bí gbogbo ọmọ mi sí lẹ fẹ́ lé mi kúrò?"

"Kì í ṣe pé mo lé yín. Ìtọ́jú ni."

"Ẹ gbà, Ìyáálé mi," Làbákẹ́ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, oyin ń kán lẹ́nu rẹ̀. "Ara yín là ń rò."

Ojúọlá gba Bíbélì rẹ̀, ó fi ìró nù ún. "Ó dáa. Ọlọ́run tó ni ìwé yìí mọ ẹni tó gbé e pamọ́." Ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.

Ì bá ṣe pé Làbákẹ́ dúró síbẹ̀ ni, ọwọ́ ì bá má tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n owú kì í yó. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń sin Ọbabìnrin náà gan-an, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú dé ẹnu géètì. Baba ti lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Ojúọlá wà nínú yàrá nídìí ẹrù. Làbákẹ́ nìkan ló wà níta.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé ilé ìyá tó rí Kuíìnì nìyí? Abíọ́lá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, ló ní ká wá gbé wọn."

Làbákẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi nìyẹn," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n wé gèlè."

Nígbà tó dé iwájú màíìkì, tí wọ́n fi nǹkan bò ó létí, inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun á gbọ́! "Ìyá Kàósárà ni mo ń jẹ́, láti Alékúwodò!" Ó sọ ti lọ́rì, ó sọ ti àsíá bébà, ó sọ ti oòrùn. Ti ìtọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ ní tirẹ̀. "Bí Kuíìnì ṣe rí mi, ó ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró! Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti adé wúrà lórí, ó fọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, 'Gúùdù gẹ́ẹ̀lì!'"

"Áà! Ìtàn ńlá!" Abíọ́lá pariwo. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé. Ta ló wà lórí fóònù?"

Ohùn ìyá arúgbó kan ni, láti Ẹ̀sà-Òkè. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé ìwé wo lo wà nígbà náà?"

Làbákẹ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ó… ó ti pẹ́, mo ti gbàgbé."

"Èmi ò gbàgbé. Mo wà nínú lọ́rì yẹn. Kuíìnì ò sọ̀ kalẹ̀ rárá, adé kọ́ ló sì dé, fìlà ni. Èmi ni mo dúró síwájú Ojúọlá, ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì, ọmọ òṣómàáló aláṣọ, tí mo fi ara bò ó kí tíṣà má rí i pé ó ti tọ̀ sára. Ìtàn Ojúọlá lò ń sọ yìí! Ta ni ọ́?"

"Irọ́ ló ń pa!" Làbákẹ́ kígbe. "Ọ̀tá ni! Wọ́n rán an sí mi ni!"

"Ẹ ní sùúrù, Mà," ni Abíọ́lá wí, ó ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Ẹlòmíì tún ti pè. Ẹ máa bá wa sọ̀rọ̀, sà."

Làbákẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ àwọn àgbàlagbà, ó gbọ́ rédíò tó ń dún lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn tó mọ̀.

"Ìbítóyè ni orúkọ mi. Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ rélùwéè la jókòó tí à ń gbọ́ yín. Ìyàwó mi ni ẹni tó wà níwájú yín yẹn. Ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira ni wọ́n bí i, gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ ọ́n sí i. Ẹni tí wọn ò tíì bí ní 1956, ibo ló dúró sí tí Kuíìnì fi rí i?"

Àwọn àgbàlagbà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Làbákẹ́! O fi Kùránì búra fún mi pé irọ́ ni ìtàn yìí. O ní Ìyá Ìyìn ti ń ṣàrán. Bó bá jẹ́ irọ́, kí lo wá ń fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ta ló ń gbé ẹrù obìnrin yẹn kiri nínú ilé mi?"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó! Làbákẹ́ yọ nǹkan etí náà dànù, ṣùgbọ́n ta ló lè yọ ọ̀rọ̀ tó ti dé etí ayé?

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé. Rùkáyà onídìrí ti kúnlẹ̀ síwájú Baba Ìbítóyè, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rí Ìyá Kàósárà láàárọ̀ àná, wọ́n gbé Bíbélì jáde nínú yàrá Mama, wọ́n gbé e wọ ilé ìdáná. Wọ́n ní bí mo bá lanu, mo máa kúrò ní ṣọ́ọ̀bù."

Fóònù Làbákẹ́ ń dún. Kàósárà ọmọ rẹ̀ ni, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì. "Màmá, ohùn yín ti wà lórí Wásáàpù. Ọ̀gá mi ló gbé e fún mi gbọ́, kò mọ̀ pé ìyá mi ni. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, Màmá! Mo bá wọn rẹ́rìn-ín!" Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó pa fóònù.

Baba Ìbítóyè ṣí fìlà rẹ̀, ó tẹríba fún ìyàwó àgbà níwájú gbogbo èèyàn. "Ìyá Ìyìn, mo jẹ̀bi yín. Ẹ tú ẹrù yín. Kò sẹ́ni tó máa gbé yín kúrò nílé yìí."

Làbákẹ́ wó lulẹ̀ sẹ́sẹ̀ ìyáálé rẹ̀. "Iṣẹ́ èṣù ni, Ìyáálé mi! Èṣù ló ṣe é!"

"Èṣù ò mọ ibi tí mò ń gbé Bíbélì mi sí, Làbákẹ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ohùn Ojúọlá kò le rárá. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, mi ò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ mọ́."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́.

"Ọ̀rọ̀ sísọ ló wù ọ́," ni Baba Ìbítóyè wí. "Lọ sí Òṣú lọ́dọ̀ Ògúnjìnmí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sọ èyí tó jẹ́ tìẹ fún un. Bó o bá yọ kúrò nínú rẹ̀ tàbí o fi kún un, má padà wá."

Lọ́jọ́ kejì, Abíọ́lá fúnra rẹ̀ gbé màíìkì wá bá Ojúọlá nílé. Ìyá náà sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe rí, tìtọ̀-tìtọ̀. Òṣogbo rẹ́rìn-ín, Òṣogbo sunkún, Ìyìnolúwa sì gbọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní àkókò náà, Làbákẹ́ wà ní Òṣú, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ògúnjìnmí pe àwọn ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ jọ kí wọ́n wá gbọ́. Làbákẹ́ sọ ti sálúbàtà, ó sọ ti Bíbélì, ó sọ ti ìbúra. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Ojúọlá yìí, kí ló fi ṣe ọ́?"

Làbákẹ́ ṣí ẹnu. Ó wá irọ́ kan, kò rí. Ojú àwọn ọmọ kéékèèké wà lára rẹ̀.

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí," ó wí. "Wọ́n kàn ń kí i ni."

"Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Wọ́n kàn ń kí i ni!"