Káfíńtà Tó Bẹ̀rẹ̀ Orin ní Ọmọ Ọgbọ̀n Ọdún

Orí àpótí ló dúró sí nígbà tí káfíńtà kọ́kọ́ rí i. Ó ti ki orí bọ inú rédíò ńlá àtijọ́ kan, ó fi eyín di wáyà pupa mú, síbẹ̀ orin ń ti imú rẹ̀ jáde. Obìnrin tó ń tún rédíò ṣe ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Káfíńtà wá wọn ògiri tí yóò kan pẹpẹ mọ́. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbàgbé. Ó tún un wọ̀n, ó tún gbàgbé.

“Ṣé kò sẹ́ni tó máa ń bá yín wí ni?” ó bi í.

“Lórí kí ni?”

“Orin tí ẹ̀ ń kọ.”

Obìnrin náà yọ orí jáde, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló máa bá mi wí nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Ẹ jọ̀ọ́, irú ilé wo lẹ ti wá?”

Ilé tí wọn kì í ti í kọrin ló ti wá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti ní òun ò fẹ́ orin nínú ilé: kò sí rédíò, kò sí súfèé pàápàá. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá náà ń ṣe, ariwo ayùn àti òòlù sì ni etí ọmọ náà mọ̀ dàgbà. Ọkùnrin gìrìwò, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò mọ orin kan dé òpin.

Obìnrin náà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nígbà tó gbọ́. Pẹpẹ tí kò yẹ kó pẹ́ kò sì tán bọ̀rọ̀, torí lójoojúmọ́ ni káfíńtà ń rí ibi tí yóò tún rẹ́. Ẹ ó rò pé ààfin ló ń kọ́.

Orin ohùn kan àti gìtá kan ni obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin, torí ọkùnrin yìí ní bí ohùn bá ti pọ̀, òun kì í mọ èyí tí òun máa tẹ̀ lé. Bíi ti ọmọdé, orin kan náà ló fẹ́ máa gbọ́ ṣáá. Nígbà tó yá, ó bọ́ sígbà ọ̀dọ́: orin tó ń mi ògiri nìkan ló dára lójú rẹ̀, ó ní ìyókù ń mú òun sùn. Aládùúgbò wá bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ló wá kan orin ìfẹ́, kò sì lè gbọ́ ọ kó má wojú obìnrin náà, ló bá ń kọ̀yìn sí i, ó ń fá pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó ní, “Ọ̀gá Rédíò, bá mi gbé èyí tí mo ní ó ń mú mi sùn yẹn.”

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Omi gba ojú káfíńtà. “Ṣé orin yẹn náà nìyí?”

“Òun náà ni. Etí ẹ ló dàgbà. Èmi náà, nígbà tí mo wà ní kékeré, mo kórìíra orin tí ìyá mi fi ń fọṣọ, mo máa ń di etí ni. Ìgbà tí mo kúrò nílé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.”

Káfíńtà wò ó. Bí obìnrin yìí ṣe ń gbọ́ nǹkan láìkánjú wù ú dé ọkàn, pé kì í torí ohun tó fẹ́ràn lónìí bú ohun tó fẹ́ràn lánàá.

“Fẹ́ mi,” ló ní.

“Mo fẹ́ ẹ, olówó orí mi. Ilé yín ni mi ò lè gbé. Ìwọ nìkan ni bàbá bí, mi ò ní ní kó o fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè pa ẹnu mi dé títí ayé.”

Káfíńtà délé, ó rò ó fún bàbá rẹ̀ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ kejì, bàbá dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, kò sọ fún ọmọ. Imú kan náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ní, obìnrin náà kò sì béèrè ẹni tó jẹ́. Ó gé orin lẹ́nu, ó kúnlẹ̀.

Bàbá jókòó. “Ìyàwó mi ló máa ń kọrin nílé wa. Nígbà tó lọ, kò sórin tí mo gbọ́ tí kì í gbé e wá síwájú mi. Mo ní kí n má baà ya wèrè, kí ilé dákẹ́.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá.” Ẹ̀rù ń bà á, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ lè gba ọkọ lọ́wọ́ òun. “Mi ò ní parọ́ fún yín. Tí mo bá wá sílé yín, màá kọrin. Tí ẹ ò bá lè gbà á, ẹ sọ fún mi níbí, mi ò ní bínú.”

Arúgbó náà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. “Kọ èyí tí ò ń kọ kí n tó wọlé.”

Ó kọ ọ́. Bàbá di apá àga mú gírígírí. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀.

“Dúró. O sáré jù níbẹ̀ yẹn.”

Ló bá gbé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn tó ti dípẹtà, tó ń já lágbedeméjì. Obìnrin náà gbé tòkè, ó rọra ń bá a lọ. Omi ń dà lójú bàbá, kò nù ún, kò sì dákẹ́.

Káfíńtà ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú pákó léjìká. Kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ kọrin rí láyé rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè gbẹ́sẹ̀.

“Kí lo dúró ń wò?” bàbá jágbe mọ́ ọn. “Wọlé, kó o wá gba ohùn àárín.”

“Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ìyàwó ẹ á kọ́ ẹ.”