Ilẹ̀kùn Irin Àyà Sumi

Ọdún tí Bamiya kú ni wọ́n fá orí Menjo.

Bamiya ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Sikur bí. Ibà ló kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ wú. Bí orúnkún ti ń fà, ìgbọ̀nwọ́ gbà á, bí ẹni pé nǹkan kan ń rìn kiri nínú ara ọmọ náà, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Nígbà tó yá kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ó ń jókòó, ó ń mí bí ẹran tí wọ́n lé gun òkè. Ó kú ní àsìkò tí òdòdó igi mahua, tí wọ́n fi ń ṣe ọtí, ń já bọ́, tí gbogbo abúlé wà nínú igbó tí wọ́n ń ṣà á. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Sikur dìde níwájú àwọn àgbà, ó ní ìyàwó àbúrò òun ni. Ó ní Menjo ló jẹ ọkàn ọmọ òun.

Wọ́n fá orí Menjo lábẹ́ igi sal tó wà láàárín abúlé, wọ́n sì lé e kọjá odò. Kò lò ju ìgbà òjò kan lọ nílé bàbá rẹ̀ tó fi kú. Rando, ọkọ rẹ̀, wà níbi kòtò tí wọ́n ti ń wa irin nígbà náà, ó ń fi orí ru òkúta pupa sínú ọkọ̀. Nígbà tó fi máa dé, irun ìyàwó rẹ̀ ló bá nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbá a kiri. Sumi ọmọ wọn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, wà lẹ́yìn aládùúgbò kan, ó ń sunkún.

Rando kò jà. Ó kàn pa ẹnu dé ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Agbo ilé kan náà ni, kànga kan náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò kí Sikur, kò gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, kò mu ọtí ìrẹsì nílé rẹ̀. Bí Sikur bá wà ní kànga, Rando á dúró lókèèrè pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́ títí onítọ̀hún yóò fi kúrò. Àwọn èèyàn ní kó gbàgbé. Ó ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Sumi dàgbà, ó di obìnrin, bàbá rẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Lọ́mọdé, ọ̀fun máa ń dun Sumi. Wọ́n á fún un ní omi gbígbóná, á lọ. Nígbà kan orúnkún rẹ̀ wú, ó tún fà. Ìgbà tó di ọmọge ni mímí wá di iṣẹ́ fún un. Bó bá gun òkè oko dé ìdajì, á jókòó sórí òkúta, ètè rẹ̀ á ṣú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn. Rando gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nínú ìlú.

Dókítà obìnrin tó gbà wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ó fi hàn wọ́n. Ó ní báyìí ni ọkàn ṣe tóbi, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á kọjá, ilẹ̀kùn á tì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ó ní ọ̀fun tó ń dun Sumi lọ́mọdé ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ara ń bá àìsàn ọ̀fun jà, ó ṣi ọkàn mú, ó sì ń lù ú. Ilẹ̀kùn kan ti le bí awọ gbígbẹ. Kò ṣí dáadáa, kò sì tì dáadáa.

"Ṣé ẹ ò lè fi epo sí i?" Rando bi í.

"Bàbá, ká ní líle nìkan ló le, à bá gba inú iṣan itan wọlé, ká fẹ́ bàlúùnù kékeré sínú rẹ̀, á là. Ṣùgbọ́n ó ti ń jò. Ó ti kọjá àtúnṣe. Ńṣe la máa yọ ọ́, ká fi òmíràn sí i."

Ó ní oríṣi méjì ló wà. Ara ẹran ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan. Ìyẹn kì í fúnni ní wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n á gbó, wọ́n á tún padà wá la àyà náà lọ́jọ́ iwájú. Irin ni èkejì. Irin kì í gbó, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn láti máa dì mọ́ ọn. Nítorí náà ẹni tó bá gbé e sáyà á máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́, títí ayé. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù. Bí nǹkan bá kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á dúdú. Kò gbọdọ̀ máa jẹ ewé ọ̀bẹ̀ bó ṣe wù ú, ewé ń gba agbára oògùn náà. Bó bá sì lóyún, ewu ni.

"Ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọ àjẹ́?" ni Sumi wí. "Ẹ fi irin sí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n là mí lẹ́ẹ̀mejì."

Rando fọwọ́ kan àtàrí ara rẹ̀. Ó ti ru irin tó láyé yìí. Kò mọ̀ pé wọ́n á tún gbé e sí ọmọ òun láyà.

Nígbà tí wọ́n padà sílé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Sumi ń gun òkè, ó ń pọn omi. Ṣùgbọ́n bí ibi gbogbo bá ti dákẹ́, èèyàn á máa gbọ́ ìró irin náà láti inú àyà rẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Òjò ọdún náà kò dára. Akọ màlúù tí Sikur fi ń túlẹ̀ kú lẹ́nu iṣẹ́. Òwìwí kan bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé igi mahua ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ibà mú Jema. Jema ni ọmọ tí ọmọbìnrin Sikur bí, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ ló ń gbé, nítorí àwọn òbí rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ bíríkì. Ibà náà kò tíì lọ tí orúnkún rẹ̀ fi wú.

Nandi, ìyàwó Sikur, sọ ọ́ ní kànga. "Mo gbọ́ ọ lára ògiri. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Bí ìgbà tí nǹkan bá ń ka eegun."

"Ẹ rántí ọjọ́ àjọ̀dún," ni obìnrin kan wí. "Mo bu ewé sínú àwo rẹ̀, ó ní ó ti tó. Ta ni kì í jẹ ewé?"

"Ẹni tó ti fi ẹran yó ni."

"Apá rẹ̀ ńkọ́? Ó dúdú bí aró. Kò sẹ́ni tó nà án. Ibo ló ti ń jà?"

"Ó sì ń lọ sí ìlú lóṣooṣù, ó ní wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Nandi gbé ìkòkò rẹ̀ karí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ó wí. "Ó kù kí ẹ dúró dìgbà tí tèmi bá kú kí ẹ tó mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Rando. Ó ń lọ́ okùn. Kò dáwọ́ dúró.

Sumi jókòó tì í. "Bàbá, mo rí Jema láti ara ọgbà. Orúnkún ló wú níjẹta. Lónìí ìgbọ̀nwọ́ ni. Ẹ mọ ohun tó jẹ́."

"Mi ò mọ nǹkan kan."

"Abẹ́rẹ́ wà fún un. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń gún un lóṣooṣù, ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ lè máà bàjẹ́ bíi tèmi. Ojú yín ni dókítà ti sọ ọ́. Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Ahọ́n mi ò mọ ọ̀nà ilé yẹn mọ́."

"Ọmọ yẹn kọ́ ló fá orí ìyá mi."

Rando fa okùn náà le. Sumi dìde, ó lọ fúnra rẹ̀. Nandi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi dòjé kọ́ òkè ilẹ̀kùn, bí gbogbo ilé ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń bẹ̀rù àjẹ́, torí wọ́n ní àjẹ́ kì í kọjá lábẹ́ irin.

"Má kọjá ibẹ̀ yẹn."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ ni ọmọ yìí nílò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

"Kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà fún ọ? O ò rò pé tìyá rẹ ti tó wa?"

Sikur wà nínú ilé. Ó gbọ́ ohun tí Sumi sọ. Kò jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ olórí abúlé ránṣẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn ń lọ sọ́dọ̀ Sokha, aríran tó ń wo hóró ìrẹsì lórí ewé. Bí Sokha bá ní Sumi ni, a jẹ́ pé wọ́n á lé e kọjá odò bíi ti ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹn bí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀. Ní abúlé kan lápá ìsàlẹ̀, òkúta ni wọ́n sọ pa obìnrin kan. Rando tilẹ̀kùn, ó jókòó tì í pẹ̀lú àáké lórí ẹsẹ̀. Òwìwí ké lórí igi mahua. Nínú yàrá, àyà ọmọ rẹ̀ ń dún. Ó ń retí kí ẹ̀rù ba òun, ẹ̀rù náà kò wá. Inú rẹ̀ rí bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé tó kú.

Àṣà ni pé ẹni tó fẹ̀sùn kanni àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn á jọ lọ ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu. Sikur pọn Jema. Nandi àti àwọn àgbà tẹ̀ lé e. Rando àti Sumi wà lẹ́yìn pátápátá. Sumi mú oògùn rẹ̀ jáde, ó gbé e mì.

"Ó ti jẹun," ni Nandi wí.

"Oògùn ni."

"Ẹnu kọ́ ló gbà wọlé?"

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé àgbàlá Sokha.

Sokha ti darúgbó. Ó ń jẹ tábà. Ó fi epo pa ewé sal, ó da ìrẹsì lé e, ó tẹ orí ba. Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Kẹ́, kẹ́, kẹ́. Àgbà kan tó jókòó nítòsí Sumi sún ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ni Nandi wí.

Sokha gbójú sókè. "Kí nìyẹn?"

"Àyà mi ni, Bàbá," ni Sumi wí. "Ilẹ̀kùn ọkàn mi bàjẹ́. Wọ́n fi irin pààrọ̀ rẹ̀."

"Irin gidi?"

"Irin ni. Kò ju owó ẹyọ lọ."

Ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n rí orí àpá iṣẹ́ abẹ náà. Sokha dìde, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tutọ́ tábà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí Nandi.

"Ìyá, kí lẹ fi kọ́ ẹnu ọ̀nà yín?"

"Dòjé ni."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Kí àjẹ́ má baà wọlé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

"Àjẹ́ tí kò lè kọjá lábẹ́ dòjé, ṣé òun náà ló máa gbé irin sáyà sùn?"

Nandi yíjú sí àwọn àgbà.

Lẹ́yìn ìgbà náà àwọn kan sọ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ba Sokha, torí pé wọ́n ti de aríran kan tọwọ́tẹsẹ̀ lọ nítorí irú ẹjọ́ báyìí ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Rando kò bi í rí.

Sokha kò tíì parí. "Ẹ ní ọwọ́ ìyá ọmọbìnrin yìí ló ti jogún àjẹ́. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ yìí, ṣé ó wà lọ́wọ́ ìyá?" Ó wọlé, ó mú awọ ẹkùn kan jáde. Awọ náà ti gbó, irun rẹ̀ ti tán. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Sikur, bu ìrẹsì sọ́wọ́. Gbé ẹsẹ̀ lé awọ yìí, kí o tún un sọ pé Menjo ló jẹ ọmọ rẹ. Ẹni tó bá parọ́ lórí rẹ̀, ẹkùn ló máa gbé e."

Ó ti pẹ́ tí ẹkùn ti tán nínú igbó wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Sikur bu ìrẹsì. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbéra. Jema jókòó lórí ẹní, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ kó lè rí èémí fà. Rando ń wo orúnkún rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fá orí Menjo ló ti ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò dúró báyìí lójú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ náà ti dé, kò rí adùn kankan nínú rẹ̀.

"Àìsàn Sumi ni," ó wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Sikur náà yíjú. Láti ìgbà Menjo, ẹnì kan kò gbọ́ kí Rando dá sí ọ̀rọ̀ tó kan ilé yẹn.

"Ohun tó ṣe Sumi ló ń ṣe Jema. Òun ló ṣe Bamiya. Ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí orúnkún ọmọ yìí ti wú ni mo ti mọ̀, mo dákẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹní náà, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Gbé e fún mi. Títì kò jìnnà síbí, ọkọ̀ máa ń kọjá. Mo mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn."

Sikur da ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó gbé Jema, ó gbé e lé àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, ọwọ́ wọn kanra. Ara ọmọ náà gbóná bí ààrò. Rando dìde. Sumi bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi gbá ọmọ náà mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Ó sọ fún mi," ni Sikur wí.

Rando dúró. Kò wẹ̀yìn.

"Menjo sọ fún mi. Ó ní kí n gbé Bamiya lọ sọ́dọ̀ àwọn sísítà tó ń tọ́jú aláìsàn. Ó ní bó bá rẹ̀ mí, òun á pọ̀n ọ́n. Òjò ti ń ṣú, mo ní ká kó mahua kúrò nílẹ̀ ná, á jẹrà. Mo ní obìnrin kọ́ ló máa kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ọmọ mi. Nígbà tí ọmọ kú, ó ń wò mí. Òun nìkan ló mọ̀. Mi ò lè máa rí ojú yẹn lójoojúmọ́ nínú agbo ilé."

Nandi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́," ni Sokha wí.

Sikur gbé ẹsẹ̀ kan lé awọ ẹkùn, ó gbé èkejì lé e.

"Menjo kì í ṣe àjẹ́," ó wí, ó sì pariwo rẹ̀ débi tí àwọn ará ẹ̀yìn fi gbọ́. "Èmi ni mi ò gbé ọmọ mi lọ. Mo parọ́ mọ́ ọn."