Ọ̀bẹ Alápatà Lára Ìyàwó Rẹ̀

Ta ni kò mọ Gbádégẹṣin alápatà ní Àpòmù? Ògógóró ní òwúrọ̀, ìjà ní ọ̀sán, ìyẹn layé rẹ̀. Ó ti fọ́ orí ọlọ́kadà kan rí nítorí pé ó fọn fèrè mọ́ ọn.

Jọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí kókó kan yọ sí i lọ́mú, ó le bí èkùrọ́. Gbogbo ilé ní wàrà ló dì. Wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o, kókó ń tóbi sí i.

Ìyá Susannah, aládùúgbò wọn tó ń dín dòdò Ìkirè, nìkan ni kò gbà. Jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe òun rí, nígbà tó lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Wọ́n gé ọmú kan, ó sì wà láàyè.

"Jọkẹ́, mo bẹ̀ ọ́, lọ sí ọsibítù."

Gbádégẹṣin gbọ́, ó fa àdá yọ. "Ìyá olómú kan! Àrùn arúgbó lo fẹ́ kó ran ìyàwó mi? Tí o bá tún dé ẹnu ọ̀nà mi, màá gé èyí tó kù!" Ó ta agbada dòdò nípàá, epo gbígbóná dà sí ìyá náà lẹ́sẹ̀.

Ẹ ò rí ayé! Ọkùnrin yìí gbà pé òun mọ ẹran. Ó ti fi ọ̀bẹ la ọmú màlúù tí wàrà dì sí rí, màlúù náà sì gbádùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mu ọtí yó, ó fi okùn tó fi ń so ẹran de Jọkẹ́ mọ́ òpó, ó ní òun fẹ́ tú wàrà náà jáde.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!"

Ó la ọmú náà. Wàrà kankan ò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló tú jáde, ó bò ó lọ́wọ́, ó ta sára ọmọ tó ń ké lórí ẹní. Jọkẹ́ figbe ta, ó sì dákú. Ọkùnrin tó ti pa màlúù tí kò níye dúró bí ère.

Ìyá Susannah ló sá wọlé, tòun ti ẹsẹ̀ tí epo ti bó. Ó gé okùn, ó fi ìró rẹ̀ di ojú ọgbẹ́, ó wá ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, dókítà kò fi bò fún ọkọ tó tẹ̀lé wọn débẹ̀. "Jẹjẹrẹ ọmú ni. Lóòótọ́, àwọn àgbà ló ń ṣe jù. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọ̀dọ́ náà, tiwọn sì sábà máa ń yára, pàápàá tí ẹnikẹ́ni ò bá fura. Ara rẹ̀ á lè gba oògùn tó le, lẹ́yìn náà la máa ṣiṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ẹ dá sí i yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jinná, àkókò sì ń lọ."

Gbádégẹṣin ṣubú lulẹ̀. "Mo ti pa á! Ìyá, ẹ pa èmi náà!"

"N ò ní pa ọ́," ni Ìyá Susannah wí. "Ẹsẹ̀ mi ṣì ń ta mí, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́, torí pé Jésù dárí jì mí. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló lè wẹ ẹ̀jẹ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ rẹ. Bẹ̀ ẹ́ níbi tí o wà yẹn."

Gbádégẹṣin bú sẹ́kún. "Jésù, ìkà ni mí. Gbà mí!" Olúwa sì gbà á lórí ilẹ̀ ọsibítù yẹn.

Nígbà tó dọ̀bálẹ̀ fún Jọkẹ́, Jọkẹ́ kọjú sógiri. "Ọlọ́run lè ti dárí jì yín. Èmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yè é ná."

Ọgbẹ́ náà ti jinná, Jọkẹ́ ń gba oògùn líle náà lọ́wọ́, irun orí rẹ̀ ti re tán. Gbádégẹṣin ló ń pọn ọmọ tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù. A ò tíì mọ bí yóò ṣe rí.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bí o bá ní kókó lọ́mú, lọ rí dókítà. Jésù kò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ti ọkàn rẹ? Kókó wo lò ń fi omi gbígbóná jó níbẹ̀, tí ò ń pè ní wàrà? Ìbínú ni àbí ọtí? O ní o ṣì kéré, o ní tó bá di ọjọ́ alẹ́ wàá ronú pìwà dà. Ṣé o ti bá ikú dá májẹ̀mú ni? Sá tọ Jésù lọ lónìí, kí ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ tó kan ẹlòmíràn. Jọkẹ́ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.