Àmì Pupa Inú Ìjàpá Àlùhájì

Ìyá Àlímátù gan-an, Bùsírátù tó ń ta àwo ní ọjà Ṣàpọ́n, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, kò sì torí pé ọmọ òun ni bo ohunkóhun mọ́lẹ̀.

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Àlímátù jókòó sórí àpótí ní àgbàlá, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo Bàbá Ògúndáre mẹkáníìkì bí ẹni ń wo ìdọ̀tí. Ọkọ̀ ìjàpá Àlùhájì Jùbrílù, bàbá bàbá Àlímátù, ti kọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀, kò ṣítáàtì. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Bùsírátù lọ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ariwo rẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé Àlùhájì ti ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àlùhájì ti ṣèlérí kan. Bí Àlímátù bá ṣe ìdánwò àṣejáde tán, Bàbá Ògúndáre ni yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú ìjàpá náà. Ọjọ́ tí bàbá náà bá ní ó ti mọ̀ ọ́n, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ di ti Àlímátù. Kò sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ tó kọ́kọ́rọ́ yẹn. Olùkọ́ ni kò fẹ́. Ta tiẹ̀ ni Ògúndáre? Mẹkáníìkì abúlé kan lẹ́yìn Itori, tí kò mọ̀wé, tó ń bọ Ògún, tí ṣòkòtò rẹ̀ ń rùn fún epo. Àlímátù ló sì ń gba ipò kìíní nínú físíìsì ní kíláàsì rẹ̀. Kèfèrí yìí ni yóò wá kọ́ òun?

"Ẹ tan iná iwájú," Bàbá Ògúndáre wí.

Àlùhájì tàn án. Iná náà mọ́lẹ̀ kedere.

"Bátìrì kò ṣẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

Ẹ́ńjìnì ń yí, kò gbiná. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fi imú fà. "Epo ń dé ibi tó yẹ. Iná ni kò dé."

Àlímátù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé imú ni wọ́n fi ń ṣe mẹkáníìkì lábúlé ni?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Bùsírátù jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ ó wí, Ìyá Àlímátù. Imú ni ajá fi ń ṣọdẹ, kì í sì í darí wálé lọ́wọ́ òfo."

Ó ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún ẹ́ńjìnì. Omi kán sílẹ̀, òórùn ọṣẹ sì bá a jáde.

"Ta ló fọ ibí?"

Àlímátù mọ̀. Òun ni. Nígbà tí bàbá náà tún ọkọ̀ ṣe kẹ́yìn, ó fi nǹkan pupa kan sàmì sí ìdí dísítíríbútọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni o, epo pupa ni o, Àlímátù kò bìkítà. Ó ṣáà dá a lójú pé ti Ògún ni. Kí Àlùhájì máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí? Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó bu omi sínú bútà àlùwàlá, ó tú bóòtù kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé, ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn onírin ha ibẹ̀ títí ó fi mọ́. Ó da omi sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì de bóòtù padà bó ṣe wù ú.

"Àlímátù, ṣé ìwọ ni?" Àlùhájì bi í.

"Wàláhì, Bàbá, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ bi wọ́n léèrè oògùn pupa tí wọ́n fi sí i. Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ń bọ."

Bàbá Ògúndáre fa àkísà yọ lápò. Àlímátù yínmú sí i.

"Bí ọmọdé ní aṣọ tó ti àgbà," bàbá náà wí bó ṣe ń nu omi náà, "kò lè ní àkísà tó ti àgbà."

Nígbà tó gbẹ, ó ní kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dún gbà bí ìbọn, ó tún dákẹ́. Bàbá náà tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí dísítíríbútọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Àmì mi dà?"

Bùsírátù wọlé lọ, ó mú kànrìnkàn onírin kan jáde. Nǹkan pupa lẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹ̀yìn bútà ni mo ti rí i láàárọ̀," ó wí. Kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀dà ni," Bàbá Ògúndáre wí. "Ọ̀dà tí a fi ń kun ilẹ̀kùn. Bí nǹkan yìí bá fi ìwọ̀n èékánná yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, iná kò ní í dé lásìkò mọ́. Èmi ò nílò àmì, etí ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ọmọ yìí ni mo sàmì fún, kó lè dá a tò nígbà tí mi ò bá sí."

Ó yí i díẹ̀díẹ̀, ó dẹ etí sí i. Lójijì ìjàpá bú, gbogbo àdúgbò gbọ́. Ó de bóòtù le, ó nu ọwọ́, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ ò ní sàmì sí i padà?" Àlùhájì béèrè.

"Ẹni tí mo sàmì fún ti ha á kúrò, Àlùhájì."

Àlùhájì yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀. "O fi omi àlùwàlá fọ ọwọ́ kèfèrí kúrò lára irin. Kí lo máa wá fi fọ ìbúra èké kúrò lẹ́nu ara rẹ?" Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ìmọ̀ kì í wo aṣọ ẹni kó tó wọ inú ẹni. Ẹ má kẹ́gàn ọwọ́ tó fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́, ẹ má sì fi irọ́ bo ẹ̀gàn, torí ẹni tó bá ha àmì tí wọ́n ṣe fún un kúrò, ọ̀nà ara rẹ̀ ló parẹ́.

Àlímátù sáré tẹ̀ lé bàbá náà dé ojú títì, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni! Ẹ má bínú. Ẹ kọ́ mi!"

Bàbá Ògúndáre na ọwọ́ sí ọlọ́kadà kan, ó gun ọ̀kadà náà, ó gba ọ̀nà Itori lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.