Ó Ku Ọ̀kan

Fáànù ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà ń yí nígbà tí mo wọlé, bẹ́ẹ̀ wáyà rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò kan iná rárá. Mo ní atẹ́gùn ojú fèrèsé ni. Mo lọ wò ó. Fèrèsé wà ní títì.

Inú ti ń bí mi kí n tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra ẹ̀rọ yìí ní wẹ́wẹ́, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀ lórí tábìlì ìjẹun, nígbà tí àwọn èèyàn tórí wọn pé ń lọ ra odindi ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbádùn. Yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, yóò kú lójijì, yóò tún jí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi wá ohun tó ń ṣe é, orí ìkúnlẹ̀ nídìí tábìlì yẹn náà sì ni ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìwé tó ń kọ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú ẹ̀rọ náà, kò sí níbòmíràn. Èmi tí mo ń fi títún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun ni wọ́n wá pè.

"Ọ̀gá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Orúkọ tó sọ mí nìyẹn nígbà tó wọlé ọkọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ìwé yẹn. Ojoojúmọ́ lọmọ ń béèrè rẹ̀."

Mo ki wáyà rẹ̀ bọ iná ara ògiri. Mo pààrọ̀ mẹ́mórì. Ó kú. Mo pààrọ̀ àpótí tó ń fún un níná. Ó kú. Mo nu eruku, mo fọwọ́ kan ibi tó yẹ kó gbóná, ó tutù nini.

"Irin lásán-làsàn! Èmi lo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó jí. Ìwé ẹ̀gbọ́n mi ṣí fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, àmọ́ lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nísàlẹ̀ ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan:

o ku okan

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ èdè yóò mọ ohun tí òun ń wí. A ti jà sí i títí.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó kà á. "Ó kú," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ọkàn." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Òkú kì í tẹ kíbọ́ọ̀dù!" Mo jágbe mọ́ ọn, Ọlọ́run dárí jì mí. Ó sunkún jáde. Kí n tó nawọ́ sí ìwé náà, ẹ̀rọ ti kú.

Mo mọ̀ pé àṣìkà ló kà. Ó ku ọ̀kan.

Síkúrù mẹ́sàn-án ló ń de bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀, mọ́ ara àpótí. Èmi ni mo bá a dè é lọ́jọ́ tó ń tò ó. Ìkánjú ń ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ìkẹsàn-án bọ́ lọ́wọ́ mi sẹ́yìn bọ́ọ̀dù, mi ò wá a.

"Ṣé ó pé?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó pé."

Mo mọ̀ pé irin tó bá sá pamọ́ síbẹ̀ lè máa pa iná. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó ń pè mí fún oṣù mẹ́ta, ohun tí mò ń wí ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́. Mò ń bínú sí i kó má baà bi mí ní ìbéèrè kejì.

Mo tú bọ́ọ̀dù. Síkúrù náà wà níbẹ̀, iná ti jó o dúdú. Mo jù ú sápò. Mo to ẹ̀rọ náà padà, mo tàn án, ó dúró digbí fún odindi wákàtí kan. Mo mú fáláàṣì kí n fi kó ìwé náà.

Ìyàwó wa padà wọlé. "Kí ló ṣe é gan-an?"

"Eruku ni."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ti wá pé báyìí?"

"Ó pé."

Fáànù dúró. Ìbínú gbé mi, mo fa wáyà yọ lára ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà kò ṣú. Wáyà ń mì lọ́wọ́ mi, lẹ́tà ń jáde, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àmì lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀:

Ó ku ọ̀kan.

"Kí ló kù, Ọ̀gá Kékeré?"

"Kò sí."

Gbogbo rẹ̀ kú pátápátá. Kò jí mọ́ láti ọjọ́ náà, kò sì sí oníṣẹ́ tó rí ìwé náà yọ. Ọmọ ṣì ń béèrè. Ìyá rẹ̀ ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú, ọpẹ́ yẹn sì ń bí mi nínú ju èébú lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí. Ó ku ọ̀kan.